Bí A Ṣe Ń Dáàbò Bo Páìpù Táǹkì Lọ́wọ́ Oòrùn

Àwọn ẹbí wa tó wà ní Kánádà a máa fi fóòmù wé páìpù omi kí òtútù tó wọlé, torí omi tó bá di yìnyín máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, páìpù á sì bẹ́. Ní Ìkòròdú níbí, oòrùn ló ń ṣe tiwa. Páìpù PVC tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí táǹkì kò ní ìbòòji kankan. Bó bá pẹ́, á gan bí ìpékeré, bọ́ọ̀lù ọmọdé kan báyìí ló máa fọ́ ọ.

Ẹ fi ọwọ́ ra á lára. Bí lẹ́búlẹ́bú funfun bá bá ọwọ́ yín wá, oòrùn ti ń jẹ ẹ́, àmọ́ ọ̀dà ṣì lè gbà á là. Èyí tó bá ti sán wẹ́wẹ́, ẹ gé e kúrò. Ẹ mú èyí tí ẹ gé dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì sọ pé páìpù pressure lẹ fẹ́, kì í ṣe ti omi ìdọ̀tí, torí ara tìyẹn fẹ́lẹ́.

Ẹ pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì kí ẹ tó ti fáàfù, torí ilé ò ní lómi títí di ọjọ́ kejì.

Ojú ìsopọ̀ ni wọ́n ti ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Púlọ́ńbà á ta gọ́ọ̀mù sí páìpù tó ṣì ń kán omi tótó, á tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ike tó ń so páìpù méjì pọ̀, á ní, “Alhaji, ẹ lè ṣí i.” Kó tó gba owó tán, omi ti ń tú yàà. Á tún wá máa da gọ́ọ̀mù lé e lẹ́yìn. Gọ́ọ̀mù PVC kì í kàn ń lẹ nǹkan pọ̀, ńṣe ló ń yọ́ ojú méjèèjì kí wọ́n lè wọnú ara wọn. Omi tàbí eruku díẹ̀ ti tó láti dí i lọ́wọ́. Èyí tí ẹ bá sì kùn sẹ́yìn lẹ́yìn tó ti ń jò, owó yín lẹ kùn.

Nítorí náà, ẹ fi sándípépà ha ẹnu tí ẹ gé, kó má ku ìhánrán kankan. Ẹ tì í wọlé láìsí gọ́ọ̀mù, kí ẹ fi bírò sàmì síbi tó dé. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu méjèèjì. Bí omi bá ṣì ń kán láti òkè, ẹ ki inú búrẹ́dì funfun bọ páìpù, á gbà á dúró fúngbà díẹ̀. Tí ẹ bá ṣí omi, á yọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ kun gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ara páìpù àti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ tì í wọlé pẹ̀lú ìyí díẹ̀ títí dé àmì bírò, kí ẹ sì dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ má tètè fi í sílẹ̀ o, ó máa ń fẹ́ sún padà. Gọ́ọ̀mù tó bá ti ki nínú agolo, ẹ jù ú nù; ẹ má fi bẹntiróòlù là á.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ kùn ún. Ọ̀dà emulsion funfun tó ṣẹ́kù lára ògiri ti tó, ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ má lo gloss. Àpò ìrẹsì tí àwọn kan ń wé mọ́ ọn, oòrùn á jẹ òun náà, á máa já wẹ́lẹwẹ̀lẹ sínú àgbàlá.

Ó ku dídè. Ooru máa ń mú kí PVC gùn sí i, nítorí náà wáyà tí wọ́n fi ń dè é típẹ́típẹ́ mọ́ òpó á máa rẹ́ ẹ lára. Túùbù ọ̀kadà tó ti bẹ́ ni mo fi ń dè é. Ọ̀dọ̀ vọkanáísà ni mo ti ń gbà á, ọ̀fẹ́ sì ni.