Bí a ṣe lè ṣírò omi tó fara sin nínú oúnjẹ ilé wa

Kọ́kọ́ kọ iye kílò oúnjẹ tí ilé rẹ ń rà lọ́sẹ̀ sílẹ̀, kí o sì fi iye lítà omi tí kílò kan ń gbà sọ ọ́ di púpọ̀, ìyẹn omi tí wọ́n lò láti pèsè oúnjẹ náà, tí a kì í fojú rí nínú rẹ̀. Nínú ìṣirò tí Arjen Hoekstra, onímọ̀ nípa omi ará Netherlands, bá wọn ṣe, kílò ẹran màlúù kan ń gba nǹkan bí 15,400 lítà, nítorí pé oúnjẹ tí màlúù ń jẹ kí ó tó dàgbà ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà. Ti adìẹ jẹ́ nǹkan bí 4,300. Ka oúnjẹ tó bàjẹ́ mọ́ ọn pẹ̀lú.

Lẹ́yìn náà, wádìí ibi tí omi náà ti wá, èyí tí mo kà sí pàtàkì jù, nítorí omi òjò kò rí bí omi tí a fà láti inú odò, irú èyí tí wọ́n fi bomi rin oko òwú títí Òkun Aral, adágún ńlá kan ní àárín gbùngbùn Éṣíà, fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán.