Ẹ má tíì dá owó tiransifọ́mà: àwọn àṣìṣe ẹgbẹ́ onílé tí mo fojú ara mi rí

Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, lápá Mọ́níyà n'Ìbàdàn. Ìwé ìpàdé mẹ́ta ti kún lọ́wọ́ mi, ìkẹrin ti dé ìdajì. Bí mo bá ń ṣí wọn wò, owó kọ́ ni wàhálà wa. Ará ibí máa ń dáwó. Ẹni tó ní kò sówó lọ́wọ́ òun lónìí, bó bá gbọ́ pé olè wọ ilé kejì lóru àná, á rówó kó tó dìrọ̀lẹ́. Ibi tá a ti ń ṣubú ni pé a máa ń ra nǹkan ká tó bi ara wa pé ta ló máa ni ín, ta ló máa tún un ṣe bó bá bàjẹ́, ìwé wo ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Púpọ̀ nínú ohun tí mo kọ síbí, àwa fúnra wa la ṣe é. Èyí tí a kò ṣe, àwọn tó múlé tì wá bá wa ṣe é.

Ríra tiransifọ́mà kí ìwé tó jáde

Èyí ló gbówó lọ jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Tiransifọ́mà tí àwa àti àdúgbò mìíràn jọ ń lò jó nínú oṣù òjò. A pe ìpàdé pàjáwìrì, gbogbo ilé dáwó. Ẹnì kan láàárín wa mọ ẹnì kan tó ń ta tòkunbọ̀ l'Ékòó. Alẹ́ Sátidé ni wọ́n gbé e dé, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀, wọ́n ń pariwo "Up NEPA!" nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì so wáyà kankan mọ́ ọn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òṣìṣẹ́ iná wá wò ó. Ó fọwọ́ nu eruku kúrò lára irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ọn, ó ka ohun tó wà níbẹ̀: 11/0.415. Ó gbójú sókè wo wáyà tó gba orí títì kọjá. "33 nìyí, ẹ̀yin bàbá," ló wí, ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wáyà ńlá tó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá ń gbé 33,000 fóltì, tiransifọ́mà tí a rà sì jẹ́ ti 11,000. Méjèèjì kò ṣeé so pọ̀. Ẹni tó bá dán an wò á jó nǹkan, ó sì lè kú sídìí ẹ̀. Oṣù mẹ́rìnlá ni ẹrù yẹn fi wà lábẹ́ igi máńgòrò, tí ewúrẹ́ ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a tó rẹ́ni rà á ní iye tí ojú ń tì mí láti kọ.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013 tí ìjọba ti fa iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, àwọn ni iṣẹ́ òpó, wáyà àti tiransifọ́mà wà lọ́rùn wọn. Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí. NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, mọ̀ ọ́n náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ìlànà kan jáde ní 2015 pé àdúgbò lè fi owó ara rẹ̀ ra irinṣẹ́ iná, kí ilé iṣẹ́ iná sì san án padà, bí wọ́n bá ti jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ṣáájú. Ṣáájú ni o. Bí ẹ bá ti gbé e kalẹ̀ tán kí ẹ tó rántí ìwé, ẹ ti ta wọ́n lọ́rẹ nìyẹn. Lọ́jọ́ tó bá jó, kò sí nǹkan tí ẹ máa nà sí ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, lẹ́tà ló kọ́kọ́ ń lọ sí ọ́fíìsì wọn, owó ló ń tẹ̀ lé e. Ẹ bi wọ́n pé fóltì mélòó ló wà nínú wáyà yín, báwo ni tiransifọ́mà náà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, ta ló sì máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá bàjẹ́. Kí iná tó wọnú ẹ̀, àjọ NEMSA gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ náà wò kí wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ní ti títóbi, iye ilé nìkan kọ́ là ń kà. Ẹ ka àwọn wẹ́dà. Ẹ ka ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà. Ẹ ka ìyá tó ní firísà mẹ́rin tó fi ń ta yìnyín.

Ọ̀rọ̀ fíùsì náà wà níbẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ní ọmọkùnrin kan tó "mọ iná", tó máa ń lọ dá fíùsì padà bí ìlà kan bá kú. A ní tiwa. Igi gbígbẹ ló ń mú dání, sálúbàtà ló sì ń wọ̀. Ọpẹ́ ni pé iná kò tíì gbé e, n kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, bó ti wù kí òru náà gbóná tó.

Gọ́tà tó parí sẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn

Àdúgbò tó wà nísàlẹ̀ wa kò bá wa sọ̀rọ̀ fún odidi ọdún kan, ó sì tọ́ sí wa. A gbẹ́ gọ́tà láti òkè wá, a fi simẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ó dán bí àwo, a sì dúró níbi tí ilẹ̀ tiwa parí sí. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, omi tó jẹ́ pé ṣe ló máa ń fà díẹ̀díẹ̀ wọnú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí ọ̀nà tó dán, ó sáré. Inú ṣọ́ọ̀bù ìyá tó ń ta èlùbọ́ ló ti sinmi. Àpò mẹ́fà ló rin gbindin. Àwa la san án, látinú owó tí a fẹ́ fi ra òpó iná.

Kí ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ lé omi. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, kí ẹni méjì wọ bàtà róbà, kí wọ́n bá omi rìn títí wọ́n á fi dé odò tó ń wọ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ gbogbo onílé tí wọ́n bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn yẹn lẹ máa pè sípàdé. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe kọ́fáàtì, páìpù kọnkéré tí ṣọ́bìrì kò lè wọnú ẹ̀, ẹ má rì í. Láílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà á dí i kí òjò kejì tó rọ̀, kò sì sí ọwọ́ tó máa wọlé lọ kó o.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣàlàyé èyí fún ará Ìbàdàn. Omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà wa. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún dé, ẹ̀mí tó lé ní 100 ló bá a lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là ní 2014 fún iṣẹ́ ẹ̀kún omi n'Ìbàdàn. Síbẹ̀, lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ẹni tó ń da bulọ́ọ̀kù sórí gọ́tà láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù POS.

Ọlọ́dẹ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ilé rẹ̀

A gba ọlọ́dẹ méjì lọ́dún kan tí olè jà. Ẹnì kan ló ní òun mọ̀ wọ́n. Kò sí oníduró, kò sí fọ́tò, ẹnikẹ́ni kò mú wọn dé àgọ́ ọlọ́pàá. A fún wọn ní tọ́ọ̀ṣì àti fèrè. Ọ̀kan nínú wọn mú ṣakabùlà tirẹ̀ wá, inú wa tiẹ̀ dùn sí i. Nígbà tó yá ni mo tó gbọ́ pé ṣakabùlà pàápàá, òfin ìbọn ní kí ẹni tó ní in gbàwé àṣẹ. Bí ìbọn yẹn bá dún lára ẹnikẹ́ni, àwa tí à ń sanwó oṣù la máa kọ́kọ́ dé àgọ́.

Lóru ọjọ́ kan, fèrè dún. Mo ró ìró ìyàwó mi jáde, mo rí ọmọkùnrin kan tí wọ́n ti mú jókòó mọ́lẹ̀ sẹ́bàá ògiri, ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ń sọ nọ́ńbà ilé. "Nọ́ńbà méjìlá, nọ́ńbà méjìlá ni wọ́n ní kí n wá." Ẹ gbọ́, àdúgbò wa kò ní nọ́ńbà ilé nígbà yẹn. Ṣe ni wọ́n ń sọ pé irọ́ ló ń pa. Ẹnì kan ti ń yí táyà bọ̀ láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù fọ́kánísà. Bàbá kan tó jí kírun òru ló jáde, tó gba fóònù ọmọ náà, tó pe nọ́ńbà tó wà lókè pátápátá. Ayálégbé tuntun kan ní ilé kẹta ló gbé e. Àbúrò rẹ̀ ni. Ọkọ̀ rẹ̀ ló bàjẹ́ lọ́nà tí ilẹ̀ fi ṣú u, nọ́ńbà méjìlá sì jẹ́ ti ilé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kó kúrò.

Mi ò rò pé mo lè kọ ohun tó wà lọ́kàn mi nípa táyà yẹn. Òfin ìṣètò ẹjọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 gbà kí aráàlú mú ẹni tí ó bá ká mọ́ ìwà ọ̀daràn, ṣùgbọ́n ó ní kó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láìjáfara. Lílù kò sí níbẹ̀. Jíjó kò sí níbẹ̀. A kọ èyí sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé iṣẹ́ ọlọ́dẹ, gbogbo ẹni tí a bá gbà ló ń fọwọ́ sí i.

Ọlọ́dẹ tí a ní báyìí, DPO ní fọ́tò àti àdírẹ́sì wọn, wọ́n ní oníduró méjì méjì. A ní nọ́ńbà ọ̀gá Àmọ̀tẹ́kùn agbègbè wa náà. Láti oṣù kìíní ọdún 2020 tí wọ́n ti dá ẹ̀ṣọ́ yìí sílẹ̀ n'Ìbàdàn, àdúgbò púpọ̀ kàn ń gbọ́ orúkọ wọn nínú rédíò ni, wọn kò lọ kí wọn rí. A sì fi ọ̀dà kọ 615, nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, sára òpó mẹ́ta, pẹ̀lú 112.

Ní ti nọ́ńbà ilé, ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 kọ ọ́ kedere pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni fífún òpópónà lórúkọ àti ilé ní nọ́ńbà, bákan náà ni gọ́tà àti iná ojú pópó. Àwọn onílé máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá sọ èyí. "Akọ̀wé, kọ̀wé lọ o." Mo ń kọ ọ́. Láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ti dá a lẹ́jọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, mo tiẹ̀ ń fi ìyẹn kún ìlà kejì lẹ́tà. Àṣìṣe tí kò dára ni pé kí ẹ mú lẹ́tà lọ láìmú ẹ̀dà kejì tí wọ́n máa lu òǹtẹ̀ lé padà bọ̀ wálé. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, ẹ kò kọ ọ́.

Géètì àti bọ́ǹpù

Mi ò ní pẹ́ níbí. Bí ẹ bá ṣe géètì, ẹ má dábùú irin lé e lókè débi tí ọkọ̀ panápaná kò ní lè kọjá. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo tó ń sùn bí òkúta. Bọ́ǹpù wa àkọ́kọ́ ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń ha abẹ́ ọkọ̀, aboyún kan tó ń rọbí sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kó lè fẹsẹ̀ kọjá rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló fi òòlù fọ́ ọ lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó bi í.

Àkáǹtì tó wà lórúkọ alága

Àdúgbò kejì ló ṣe èyí. Alága wọn jẹ́ olóòótọ́ èèyàn, kò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀, ó kàn ní kí wọ́n máa san owó sínú àkáǹtì òun nítorí ìyẹn ló yá. Ó sùn lálẹ́ ọjọ́ kan, kò jí. Owó bọ́rọ̀hóòlù wà níbẹ̀. Báńkì ní kí ẹbí mú ìwé ilé ẹjọ́ wá kí àwọn tó ṣí i. Ẹbí kò bára wọn sọ̀rọ̀. Báwo lo ṣe máa lọ bá opó nínú aṣọ dúdú, kó o ní owó àdúgbò wà nínú owó ọkọ rẹ̀?

Àkáǹtì ẹgbẹ́, lórúkọ ẹgbẹ́, ẹni mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí i, méjì nínú wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ ìbátan. Kí akápò sì lẹ ìwé ìṣirò mọ́ ara ògiri lóṣooṣù, níbi tí ẹni tí kò ní fóònù ńlá á ti rí i.

Lílé ayálégbé kúrò nípàdé

Òfin wa àtijọ́ ni pé onílé nìkan ló ń wá sípàdé. Ayálégbé ń sanwó ọlọ́dẹ, ó ń sanwó iná, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Mo wà lára àwọn tó gbè é lẹ́yìn. Mo sì rántí pé mo sọ pé ayálégbé lè kó lọ lọ́la.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, tiransifọ́mà tuntun wa, èyí tó ní ìwé, bẹ̀rẹ̀ sí í jo òróró láti ìdí. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i ni télọ̀ kan tó yá ṣọ́ọ̀bù sí ọ̀kánkán rẹ̀. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ti rí i tí òróró ń kán sórí iyanrìn. Ó wá wa. Àwọn onílé ti lọ síbi iṣẹ́. Kò ní nọ́ńbà alága, kò ní tèmi, kò sí nínú WhatsApp wa. Ó fi àwo rọ́bà kan gbe òróró náà, ó lé àwọn ọmọ ilé ìwé sẹ́yìn, ó sì jókòó tì í pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní ìta títí mo fi dé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìlà àkọ́kọ́ ojú ewé tuntun, mo sì gba nọ́ńbà rẹ̀.