Bí ẹ ṣe lè mọ ohun àlùmọ́nì tó wà nínú òkúta ilẹ̀ Èkìtì, kí ẹ sì kà wọ́n

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó para pọ̀ di òkúta, inú rẹ̀ ni kó wò. Ẹ̀yìn tó ti gba òjò àti oòrùn láti ọjọ́ pípẹ́ ti yí àwọ̀ padà, kò ṣeé gbára lé. Èyí tó rọrùn jù ni òkúta wẹ́wẹ́ tí típà ń já sílẹ̀ níbi ìkọ́lé: wọ́n ti fọ́ ọ ní kọ́árì. Bí tiyín bá jẹ́ odindi, ẹ fi àkísà wé e, ẹ bo ojú yín, kí ẹ tó fi òòlù lù ú.

Ẹ fi omi rẹ ojú tó fọ́ náà, ẹ gbé e sínú oòrùn, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Nínú gránáìtì Ìkẹ́rẹ́, nǹkan mẹ́ta ló máa kọ́kọ́ yọjú. Feldspar funfun tàbí kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ó máa ń fọ́ ní pẹrẹsẹ, ìdí nìyẹn tó fi ń kọ mànà bí ẹ bá yí òkúta náà. Quartz dà bí ìgò tó fọ́: kò ní ojú pẹrẹsẹ, ó sì mọ́ gaara tàbí kó ní àwọ̀ eérú. Mica ni àwọn pẹ́lẹ́bẹ́ tó ń dán, tí èékánná lè ṣí ní ìpele-ìpele. Biotite ni dúdú rẹ̀, muscovite ni funfun. Dúdú tó le, tí kò ṣeé ṣí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ hornblende.

Ẹ wá fi ọ̀bẹ ha á. Lórí òṣùwọ̀n líle ti Friedrich Mohs, láti 1 dé 10, ọ̀bẹ wà ní nǹkan bíi 5.5, feldspar 6, quartz 7. Ọ̀bẹ á ha mica, kò ní ran àwọn méjì yòókù. Àmọ́ àwọn méjèèjì yìí ló lè ha gíláàsì, nítorí náà ojú tó ń kọ mànà ni kí ẹ fi yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kíkà ló kù, òun sì ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ mú ọ̀rá tó mọ́ gaara, ẹ fi bírò fa ìlà ìbú mẹ́wàá àti ìlà òró mẹ́wàá sí i, kí wọ́n pàdé níbi 100. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ibi tó tẹ́jú lára òkúta, kí ẹ kọ ohun tó wà lábẹ́ oríta kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí feldspar bá jẹ́ 55, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Kí òkúta tó jẹ́ ojúlówó gránáìtì, quartz gbọ́dọ̀ tó ìdá 20, ó kéré tán, nínú àpapọ̀ quartz àti feldspar. Hóró feldspar Ìkẹ́rẹ́ tóbi, ojú kan ṣoṣo lè tan yín jẹ. Ẹ ka ojú bíi mẹ́ta.

Òkúta dúdú tó fẹ́ máa jọ ewé, tí ẹ ń rí ní Adó àti Ìkẹ́rẹ́, kì í ṣe òkè ayọnáyèéfín ló pọ̀ ọ́ o. Charnockite ni: quartz, feldspar àti pyroxene, ohun àlùmọ́nì dúdú kan. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló ti rọra tutù, ni hóró rẹ̀ fi hàn sójú. Basalt tí òkè ayọnáyèéfín ń pọ̀, irú èyí tó wà ní Biu àti ní agbègbè Jos, ìta ló ti yára tutù. Hóró rẹ̀ kéré débi pé ọ̀rá wa kò wúlò fún un. Pyroxene àti feldspar ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, olivine, ohun àlùmọ́nì tó ní àwọ̀ ewé, sì lè wà níbẹ̀. Silica rẹ̀, ìyẹn èròjà tó para pọ̀ di quartz, kì í ju ìdá 45 sí 52 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ti gránáìtì sì ń lọ sí bíi 70.

Ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè àti Ìkògòsì, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu: quartzite ni, quartz ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ti Ìjerò, níbi tí ohun àlùmọ́nì tó ń jẹ́ tourmaline wà, hóró rẹ̀ lè tóbi ju òkúta tó wà lọ́wọ́ yín lọ. Ẹ má sì wọ kòtò tí àwọn awakùsà pa tì.

Èyí tí ojú kò bá rí, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ní fásitì. Wọ́n á gé e, wọ́n á lọ̀ ọ́ títí yóò fi ku 0.03 mìlímítà, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ kọ orúkọ ibi tí ẹ ti ṣà á sí i lára kí ẹ tó kúrò nílé. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín nìyẹn.