Ọkọ̀ apẹja tó ń gbomi, tí kò sì gbọ́ràn mọ́

Bí ọkọ̀ apẹja kékeré bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà tìkọ̀, tí ìdí rẹ̀ ń rì, tí iwájú rẹ̀ ń wo òkè, ẹ̀ńjìnnì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dẹ́bi fún. Èmi kì í fọwọ́ kan ẹ̀ńjìnnì títí n óò fi ṣí pákó tí à ń tẹ̀ nínú ọkọ̀, kí n wo abẹ́ rẹ̀. Lítà omi kan, kílò kan ni. Bí 100 lítà bá fara pa mọ́ síbẹ̀, ẹrù tó wúwo ju géńdé ọkùnrin lọ lẹ ń gbé kiri, ẹrù tí kì í jókòó sójú kan. Bí ọkọ̀ bá tẹ̀ sọ́tùn-ún, omi náà á ya sọ́tùn-ún, á tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Irú omi bẹ́ẹ̀ ló ń dojú ọkọ̀ dé níbi tí wọ́n ti fẹ́ yí i.

Tó bá ṣẹlẹ̀ lójú omi, ẹ wọ ẹ̀wù agbẹ̀mílà, ẹ dín eré kù, kí gbogbo èèyàn jókòó sílẹ̀ láàárín. Ẹ má ṣẹ́ kọ́nà lójijì. Ẹ máa gbọ́n omi bí ẹ ti ń lọ sétí omi. Korobá ni mo fọkàn tán ju pọ́ǹpù lọ. Kò nílò bátìrì.

Tí ẹ bá ti dé ilẹ̀, ẹ gbọ́n omi inú ọkọ̀ náà tán kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ tún so ó sójú omi lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀, láì tan ohunkóhun. Bí omi bá wọlé bẹ́ẹ̀, ara ọkọ̀ ló ń jò, tàbí rọ́bà ohun tí wọ́n fi dí ihò ìdí rẹ̀ ti gbó. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá ń sáré nìkan ni, ẹ wo ihò bóòtù tó di ẹ̀ńjìnnì mú, kẹ́ ẹ sì wo bóyá omi ń fò wọlé látẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ ìgbà tí pọ́ǹpù tó ń fa omi sínú àgbá ẹja ń ṣiṣẹ́ ni, ọ̀pá rọ́bà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ tọ̀.

Láti rí ojú ibẹ̀ gan-an, ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀, ẹ fi igi ti ikùn rẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ wá bu omi díẹ̀ *sínú* rẹ̀. Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó bá ti ń kán. Ẹ má bu omi kún un o, ìwúwo rẹ̀ lè la ọkọ̀. Ọkọ̀ onípákó tó ti pẹ́ lórí ilẹ̀ á kọ́kọ́ jò ná. Ẹ jẹ́ kí pákó mu omi kó wú kẹ́ ẹ tó wá ohun tí ẹ ó fi dí i.

Pọ́ǹpù tó ń fa omi jáde nínú ọkọ̀ náà ń kó bá èèyàn. Ìpẹ́ ẹja àti okùn ìwọ̀ máa ń dí ẹnu rẹ̀. Ẹ fọwọ́ gbé ohun tó ń léfòó tó ń tàn án sókè. Tí kò bá dún, ẹ yẹ wáyà wò. Ẹnu ibi tó ń tú omi jáde gbọ́dọ̀ ga ju ojú omi lọ nígbà tí ẹrù bá wà nínú ọkọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á gbabẹ̀ padà wọlé.

Ìgbà tí ọkọ̀ bá gbẹ tán lẹ lè wá bá ẹ̀ńjìnnì jà. Tí iwájú ọkọ̀ bá ń fò sókè sódò lórí omi tó dákẹ́, ẹ mú ẹsẹ̀ ẹ̀ńjìnnì sún mọ́ ìdí ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì gbé ẹrù síwájú. Tí ẹ̀ńjìnnì bá ń han ṣùgbọ́n tí eré ò pọ̀ sí i, ó lè jẹ́ pé wọ́n gbé e ga jù tí poropẹ́là, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ tó ń yí lábẹ́ omi, fi ń fa afẹ́fẹ́, tàbí kí rọ́bà àárín poropẹ́là ti máa yọ̀. Ẹ pa ẹ̀ńjìnnì, ẹ tú poropẹ́là, kẹ́ ẹ wo okùn ìwọ̀ tó bá wé mọ́ ọ̀pá rẹ̀. Okùn yẹn máa ń gé rọ́bà tó ń dí omi níbẹ̀. Bí epo gíà bá ti funfun, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn; ẹ pààrọ̀ rọ́bà náà àti epo kẹ́ ẹ tó tún lọ.