Bí mo ṣe fẹsẹ̀ rin àdúgbò ìwàkiwà àtijọ́ ní San Francisco

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Ẹni ọdún méjìlélógún ni, ìṣirò owó ló ń kọ́ ní yunifásítì. Lọ́jọ́ kẹta tó dé, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, afárá pupa yìí ti sú mi. Ẹ mú mi lọ síbi tí wọn kì í mú àlejò lọ."

Mo mọ ibi tó kàn. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń sọ pé n ó rin àdúgbò tó sọ San Francisco di ìlú olókìkí burúkú láyé ọjọ́un, èyí tí wọ́n ń pè ní Barbary Coast. Etíkun àríwá Áfíríkà, níbi tí àwọn olè ojú omi ti ń kó èèyàn lẹ́rú, ni wọ́n ti mú orúkọ náà wá. Ọtí, tẹ́tẹ́, òpíọ̀mù, aṣẹ́wó, jíjí èèyàn gbé: gbogbo ohun tí ìyá ń kìlọ̀ fún ọmọ ló wà níbẹ̀, láti ìgbà tí wúrà ti fa èrò wá ní 1849 títí di 1917.

Àwọn kan wà tó máa ń gbowó mú èèyàn rìn ín. Mi ò bá wọn lọ. Mo ti bá irú wọn rìn rí ní ìlú mìíràn, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń ta ọjà wọn: gbogbo aṣẹ́wó lẹ́wà, gbogbo olè gbọ́n, kò sẹ́ni tó sunkún nínú ìtàn wọn. Àwọn àwo bàbà róbótó wà tí wọ́n rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì, tó ń tọ́ka ọ̀nà láti Old Mint títí dé Aquatic Park, nǹkan bíi máìlì 3.8. Mo lo díẹ̀ nínú wọn, mo já ọ̀nà tèmi gbà níyòókù. Bí ẹ bá fẹ́ rìn ín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè kí ẹ parí rẹ̀ nísàlẹ̀. Kì í ṣe nítorí orúnkún nìkan. Ní 1849, nítòsí Montgomery Street ni omi dúró sí; gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lónìí, òkun ni, wọ́n kàn fi yanrìn àti pàǹtí dí i ni. Ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, inú èbúté àtijọ́ ló ń rìn wọ̀.

Mo ṣìnà kí a tó bẹ̀rẹ̀. Morton Street ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dé, orúkọ tí mo bá nínú ìtàn nìyẹn, òun náà ni mo tẹ̀ sínú fóònù. Fóònù ní ká wọ mọ́tò, ká máa lọ sí ìlú mìíràn. A yí Union Square po lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rántí pé wọ́n ti pa orúkọ yẹn dà. Maiden Lane ló ń jẹ́ báyìí, títì àwọn omidan, a sì ti gba iwájú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì láìbojúwò ó. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe. Kí ìmìtìtì ilẹ̀ àti iná 1906 tó pa á rẹ́, yàrá pẹ́pẹ̀pẹ́ ló kún ọ̀tún kún òsì, obìnrin á yọjú lójú fèrèsé, á máa pe ọkùnrin tó ń kọjá. Lónìí, báàgì àti aago olówó gọbọi ló wà lójú fèrèsé. Ọmọ náà wo iye tí wọ́n kọ sára báàgì kan, ó wá bi mí ní ìbéèrè tó fi bá mi jà títí ilẹ̀ fi ṣú: "Bọ̀ọ̀dá mi, láyé ọjọ́un, ta ló ń kó owó náà lọ?"

Mo ní ká máa lọ.

A gba Grant Avenue wọ àdúgbò àwọn ará Ṣáínà, a yà gun òkè ní Sacramento Street. Òkè yẹn ga o, ibẹ̀ nìkan ló sì gba agbára lójú ọ̀nà wa. Ní nọ́ńbà 920 ni ilé bíríkì kan wà tí wọ́n ń pè ní Cameron House. Ẹ sún mọ́ ògiri rẹ̀ dáadáa. Àwọn bíríkì kan dúdú, wọ́n wọ́, bí ẹni pé iná yọ́ wọn. Lẹ́yìn 1906 ni wọ́n tún ilé náà kọ́. Donaldina Cameron, obìnrin tí wọ́n bí ní New Zealand ní 1869, dé ibẹ̀ ní 1895 láti wá kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Kò pẹ́ tó fi di ẹni tó ń bá ọlọ́pàá wọlé onílé lóru, láti yọ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n rà láti Ṣáínà bí ẹni ra ewúrẹ́. Wọ́n á ti tẹ ìka ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ ìwé àdéhùn tí kò lè kà, pé òun fi ara òun san gbèsè owó ọkọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí wọ́n gbà sílé náà, Tien Fuh Wu, ẹni tí bàbá rẹ̀ tà nígbà tó wà ní kékeré, dàgbà di igbákejì Cameron àti ògbufọ̀ rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ kí ọmọ náà rántí lórúkọ. Nínú ìrìn tẹlẹ̀rín tẹlẹ̀rín yẹn, Ah Toy ni gbogbo wọn máa ń sọ, obìnrin Ṣáínà tó dé lásìkò wúrà, tí wọ́n ní ọkùnrin ń san ìwọ̀n wúrà kan kí wọ́n kàn lè wo ojú rẹ̀ lásán, tó sì ń pe oníbàárà tó bá rẹ́ ẹ jẹ lẹ́jọ́. Ìtàn rẹ̀ dùn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ ló pọ̀ jù.

Òfin Page ti 1875 ní òun fẹ́ dá irú òwò yìí dúró. Ohun tó ṣe ni pé ó sọ gbogbo obìnrin Ṣáínà di ẹni ìfura ní èbúté, ìyàwó ilé tòun ti aṣẹ́wó. Ọdún 1875 yẹn kan náà ni ìlú San Francisco fi òfin de ilé tí wọ́n ti ń fa òpíọ̀mù. Ilé ni wọ́n fòfin dè o. Òpíọ̀mù fúnra rẹ̀ ṣì ń gba èbúté wọlé, ìjọba àpapọ̀ sì ń gba owó orí rẹ̀ títí di 1909.

"Ìjọba, nígbà náà," ni ọmọ náà wí. Mo ní kó má tíì kọ ọ́ sílẹ̀.

Portsmouth Square ni a ti jókòó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ta àsíá Amẹ́ríkà ní July 1846, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ abúlé tó ń jẹ́ Yerba Buena. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ilé tẹ́tẹ́ ló yí i ká, El Dorado ni gbajúmọ̀ jù nínú wọn, ẹni tó wa wúrà fún oṣù mẹ́fà lórí òkè lè fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Lọ́jọ́ tí a dé ibẹ̀, àwọn bàbá àti ìyá àgbà ló kún inú ọgbà náà, wọ́n pa agbo mẹ́rin, márùn-ún, káàdì ni wọ́n ń ta, ariwo wọn ń lọ sókè. Mo gbádùn ẹ̀ ju ohunkóhun tí wọ́n kọ sára òkúta lọ.

Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti yẹgi fún John Jenkins ní June 1851. Ó jí àpótí owó onírin gbé. Ọ̀kan ni nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní Sydney Ducks, àwọn tó ti Australia wá, tí wọ́n ń ti gbogbo iná tó ń jó ìlú sí lọ́rùn. Àwọn oníṣòwò kó ara wọn jọ, wọ́n pe ara wọn ní Committee of Vigilance, wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀ ní alẹ́ kan, wọ́n sì so ó kọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Èèyàn mẹ́rin ni wọ́n yẹgi fún lọ́dún yẹn, wọ́n tún pa mẹ́rin mìíràn ní 1856. Olè àpótí kan kú. Onílé tẹ́tẹ́ tí ó kó gbogbo owó àwọn awakùsà mì, ìlú ń kí i káàárọ̀.

Ẹ má ṣe kúrò níbẹ̀ láìyà sí ọwọ́ 620 Jackson Street, kò jìnnà rárá. Kò sí ohun gidi kan láti wò níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti rí èsì ìbéèrè ọmọ náà gbà. Láti 1904 sí 1907, ilé aṣẹ́wó ńlá kan wà níbẹ̀ tí àwọn aráàlú ń pè ní ti ìjọba ìlú, nítorí pé owó rẹ̀ ń wọ àpò àwọn tó wà lórí àlééfà. Abe Ruef, lọ́yà tó ń darí ìlú láti ẹ̀yìn aṣọ títa, àti Eugene Schmitz, olórí ìlú, ni ẹ̀sùn dé bá. Ohun tí wọ́n fi mú Schmitz ní 1907 ni pé ó ń lọ́ owó gbà lọ́wọ́ àwọn ilé oúnjẹ Faransé, àwọn tó ń ta oúnjẹ nísàlẹ̀, tó ń ta nǹkan mìíràn lókè àjà: bí wọn ò bá san, wọn ò ní tún ìwé àṣẹ ọtí wọn ṣe. Wọ́n dá a lẹ́bi, ilé ẹjọ́ gíga fagi lé e. Ruef ló ṣẹ̀wọ̀n ní San Quentin. Ọmọ náà mú fóònù rẹ̀ jáde, ó kọ nǹkan sínú rẹ̀. Mi ò bi í léèrè.

Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́jú. Ní kọ̀rọ̀ Clay àti Sansome, ẹ wo ògiri, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ òkun Niantic wà níbí. Ó gúnlẹ̀ ní July 1849, àwọn atukọ̀ rẹ̀ sá lọ wa wúrà, wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà gòkè, wọ́n sọ ọ́ di ilé ìkẹ́rù, lẹ́yìn náà hòtẹ́ẹ̀lì. Iná jó o ní 1851. Àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé tún bá ìdí rẹ̀ nínú ilẹ̀ ní 1978. Hotaling ní 451 Jackson, a kàn gba ibẹ̀ kọjá ni: ilé ìkó-wisikí-sí tó bọ́ lọ́wọ́ iná 1906, tí akéwì kan fi bi Ọlọ́run pé èétiṣe tó fi jó ṣọ́ọ̀ṣì, tó dá wisikí sí. Gbogbo èèyàn ló mọ ìyẹn.

Pacific ni olórí títì. Ẹ rìn ín díẹ̀díẹ̀. Ilé bíríkì tí kò ga, igi, ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán ilé. Bí a ò bá sọ fún yín, ẹ ò ní mọ̀. Gbọ̀ngàn ijó kún ibẹ̀ lẹ́yìn 1906, ijó tí gbogbo Amẹ́ríkà wá ń jó, inú wọn ni púpọ̀ ti jáde. Ní September 1913, àjọ ọlọ́pàá ní kò gbọdọ̀ sí ijó mọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń ta ọtí. Ọdún yẹn náà ni ìpínlẹ̀ California ṣe òfin tí wọ́n lè fi ti ilé aṣẹ́wó pa mọ́ onílé lọ́wọ́. Níkẹyìn, ní January 1917, pásítọ̀ Paul Smith ń wàásù gbígbóná lòdì sí ìwàkiwà àdúgbò náà, àwọn aṣẹ́wó bá gbéra, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ bá a. Wọ́n bi í pé níbo ni kí àwọn lọ, wọ́n ní owó tí wọ́n ń san fún obìnrin níbi iṣẹ́ kò lè bọ́ ọmọ. Ní February 14, ọlọ́pàá dí gbogbo ẹnu ọ̀nà, wọ́n lé wọn jáde, wọ́n ju 1,000 lọ. Mi ò rí àwo bàbà kankan tó sọ ibi tí wọ́n gbà lọ.

Old Ship Saloon, ní kọ̀rọ̀ Pacific àti Battery, ni a parí rẹ̀ sí. Ọkọ̀ òkun Arkansas ni ìdí rẹ̀. Ní 1851 ẹnìkan gé ilẹ̀kùn sí i lára, ó ń ta ọtí nínú rẹ̀. Ilé tó wà níbẹ̀ báyìí, ẹ̀yìn iná ni wọ́n kọ́ ọ. A jókòó, mo sì ṣàlàyé fún un bí wọ́n ṣe ń jí atukọ̀ gbé ní èbúté yìí, nítorí mo ti fi ìyẹn pa mọ́ de ibí.

Ọkọ̀ ń wá òṣìṣẹ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ. Ẹnìkan wà tó ní ilé tí àwọn atukọ̀ ń dé sí, òun ni alárinà. Yóò fún ọ ní ibùsùn, oúnjẹ, ọtí, gbogbo rẹ̀ láwìn. Bí o bá kọ̀ láti wọ ọkọ̀, wọ́n á fi oògùn orun sínú ọtí rẹ. Àárín òkun ni wàá jí sí, lójú ọ̀nà Shanghai tàbí ibi tó jìn bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ ti wà nínú ìwé. Owó oṣù rẹ tí ọ̀gá ọkọ̀ san ṣáájú, nǹkan bí oṣù méjì, alárinà ló gbà á, ó ní gbèsè rẹ ni. Ní 1884, òfin ní kí wọ́n má san owó ṣáájú mọ́. Ní 1886 wọ́n tún un ṣe pé wọ́n lè san án fún ẹni tí atukọ̀ bá jẹ ní gbèsè. Ta ni atukọ̀ jẹ ní gbèsè bí kò ṣe alárinà kan náà? Àwọn atukọ̀ ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ìlú yìí láti 1885. Andrew Furuseth, tó wá di olórí wọn, fi ọ̀pọ̀ ọdún paara Washington kí òfin 1915 tó dé, tó fi òpin sí i.

"Ẹni tó nílò òṣìṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú," ni ọmọ náà wí. "Ọ̀gá ọkọ̀ ló ń kó owó náà."

"Ẹni tó ni ọkọ̀," ni mo wí. "Ọ̀gá ọkọ̀ ń gba ìpín tirẹ̀ ni."

Wọ́n gbé bíà wa dé. Ó dì í mú, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó yíká, ó gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rọra tì í sí iwájú mi.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin àgbà lẹ kọ́kọ́ ń mu."