Ẹ má tíì dá lẹ́ńsì àtijọ́ lẹ́bi: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí kámẹ́rà mirrorless

Ẹni tó bá de lẹ́ńsì àtijọ́ bíi Helios 44-2 tàbí Super-Takumar mọ́ kámẹ́rà mirrorless (èyí tí kò ní dígí nínú), tí àwòrán rẹ̀ wá ń ṣe bàìbàì, kì í pẹ́ tó fi máa sọ pé lẹ́ńsì náà ti gbó. Ó máa ń dùn mí, torí lẹ́ńsì tó dáa ni wọ́n ń pa tì. Lọ́pọ̀ ìgbà, adapter (òrùka tó ń so lẹ́ńsì mọ́ kámẹ́rà), sẹ́tìn tàbí ìkánjú ló fà á, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Adapter kì í ṣe irin lásán

Òótọ́ ni pé òfìfo ni inú rẹ̀, kò sì yẹ kó ní gíláàsì kankan, àyàfi irú èyí tí wọ́n dìídì ṣe láti mú kí lẹ́ńsì rí ibi tó fẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Mìlímítà 45.46 ló yẹ kó wà láàárín ìjókòó lẹ́ńsì M42 (irú ìdè oníyíyí tí Helios àti Super-Takumar ń lò) àti sensor, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà. Kámẹ́rà Sony E ti ní 18 fúnra rẹ̀, adapter ló máa fi 27.46 tó kù kún un. Bó bá fi díẹ̀ gùn jù, ohun tó wà lọ́nà jíjìn kò ní hàn kedere láéláé. Bó bá kúrú díẹ̀, lẹ́ńsì á yí kọjá ibi tó yẹ kó dúró, ẹ ò sì ní lè gbára lé nọ́ńbà jíjìnnà tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Èyí tó kúrú díẹ̀ ṣì ṣeé lò dáadáa. Èyí tó gùn ni kí ẹ dá padà.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí. Ẹ kọjú kámẹ́rà sí òṣùpá tàbí ilé tó jìnnà réré, ẹ fẹ àwòrán náà lójú sikíríìnì, kí ẹ rọra yí òrùka fókọ́ọ̀sì títí dé òpin. Bó bá hàn kedere kó tó kan òpin, adapter kúrú. Bó bá kan òpin tí ilé náà ṣì ń ṣe bàìbàì, ó gùn. Ẹ wo inú rẹ̀ pẹ̀lú: bó bá ń dán, ìmọ́lẹ̀ á máa ta síhìn-ín sọ́hùn-ún níbẹ̀, dúdú inú àwòrán á sì di àwọ̀ eérú. Ẹ lẹ aṣọ dúdú tó ń mu ìmọ́lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, ẹ ó rí ìyàtọ̀.

M39, ìdè oníyíyí mìíràn, ló ń tan àwọn èèyàn jù. Ìdè kan náà ni gbogbo wọn ní, ṣùgbọ́n mìlímítà 28.8 ni àlàfo ti àwọn kámẹ́rà Leica, FED àti Zorki, nígbà tí ti Zenit àkọ́kọ́ jẹ́ 45.2. Ẹ fi ti Zenit sórí adapter Leica, kò sí ohun tó máa hàn kedere. Ẹ ṣe òdìkejì rẹ̀, kìkì ohun tó sún mọ́ yín gan-an ló máa hàn. Kí ẹ sì tó de lẹ́ńsì Jupiter-12, ẹ wọn ìdí rẹ̀, torí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ yọ jáde gan-an, ó sì lè kan inú àwọn kámẹ́rà kan.

Sẹ́tìn tí a máa ń gbàgbé

Kámẹ́rà kò ní mọ̀ pé lẹ́ńsì wà lórí òun. Bó bá kọ̀ tí kò yàwòrán, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń gbà á láyè láti ya láìsí lẹ́ńsì nínú mẹ́nù.

Èyí tó ń ba àwòrán jẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura ni ohun tó ń dènà ìgbọ̀n ọwọ́. Sensor á máa rìn gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà tí ẹ fún un, nítorí náà ẹ kọ nọ́ńbà mìlímítà tó wà lára lẹ́ńsì gan-an: 58 fún Helios. Bí kámẹ́rà yín bá jẹ́ APS-C (èyí tí sensor rẹ̀ kéré), ẹ má sọ 50 di 75. 50 náà ni kí ẹ kọ. Bí ẹ bá pààrọ̀ lẹ́ńsì tí ẹ ò pààrọ̀ nọ́ńbà, ẹ̀rọ náà á máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ mi àwòrán.

Helios 44-2 ní òrùka méjì fún aperture, ìyẹn ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ọ̀kan ni ẹ fi ń yan nọ́ńbà, ìkejì ló ń ṣí i tó sì ń tì í, láìdún rárá. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé f/5.6 ni òun ń lò nígbà tí ihò ṣì ṣí gbayawu ní f/2. Bí lẹ́ńsì yín bá ní bọ́tìnì A (aládàáṣe) àti M (àfọwọ́ṣe), ẹ fi sí M.

Ẹ má gbọ́kàn lé àwọ̀ tó ń tàn yí nǹkan ká

Peaking, ìyẹn àwọ̀ tí kámẹ́rà fi ń yí ohun tó bá hàn kedere ká, wúlò, ṣùgbọ́n ní f/2, ó lè kun etí àti ojú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fẹ àwòrán náà títí tí ẹ ó fi rí irun ìpéǹpéjú lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀n ihò tí ẹ máa fi ya á ni kí ẹ sì fi ṣe fókọ́ọ̀sì, torí ní àwọn lẹ́ńsì kan, ibi tó hàn kedere máa ń yẹ̀ bí ihò bá ṣe ń kéré sí i.

Kí ẹ tó rà á, kí ẹ sì tó tú u

Ẹ ṣí aperture tán, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn, kí ẹ wò ó láti iwájú. Eruku díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Èyí tí fungus bá ta bí òwú aláǹtakùn nínú rẹ̀, ẹ má rà á.

Gíláàsì tó pupa rúsúrúsú yàtọ̀. Super-Takumar 50mm f/1.4 onígíláàsì méje ní thorium (èròjà tó ní ìtànṣán) nínú, ohun tó ń mú gíláàsì pọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún nìyẹn. Ìdọ̀tí kọ́. Ẹ má tú u, ẹ má sì ha gíláàsì náà, torí eruku rẹ̀ ní ìtànṣán olóró. Ẹ tan iná ultraviolet sí i fún ọjọ́ mélòó kan, àwọ̀ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Bó bá jẹ́ oòrùn ni ẹ fẹ́ lò, ẹ fi fóìlì bo ìdí rẹ̀, ẹ má sì fi í sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, torí ó lè dá iná.

Bí lẹ́ńsì bá wúwo ju kámẹ́rà lọ, ara lẹ́ńsì ni kí ẹ fọwọ́ mú, ara rẹ̀ náà ni kí ẹ de tripod (ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé kámẹ́rà dúró) mọ́, kí ìwúwo má bàa fa ìjókòó kámẹ́rà ya.