Téèpù ni mo kọ́kọ́ mú dání

Àtẹ̀gùn méjì péré ló wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ wa ti ń ṣèpàdé. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kò ní rántí pé òun gun nǹkankan. Èmi tí mò ń lo àga onítáyà, odidi ọdún méjì ni wọ́n fi ń gbé mi wọlé, ẹni méjì lọ́tùn-ún, ẹni méjì lósì, bí ìgbà tí wọ́n bá ń gbé àpótí. Inú rere ni wọ́n fi ń ṣe é o. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ọwọ́ ẹnìkan yọ̀, àga dà sẹ́yìn, díẹ̀ ló kù kí orí mi gbá ògiri. Mo sọ fún alága pé ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, a ó máa gbé yín." Mo ní, "Ẹ ṣeun sà, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ẹrù."

Mo gbé téèpù. Gíga àtẹ̀gùn méjèèjì jẹ́ ínǹṣì 14. Ìlànà ìkọ́lé tó wà lábẹ́ ADA, òfin ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n bu ọwọ́ lù lọ́dún 1990, sọ pé bí nǹkan bá ga ní ínǹṣì 1, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí yóò gbé àga gun un gbọ́dọ̀ gùn tó ínǹṣì 12, ó kéré tán. Èyí já sí ẹsẹ̀ bàtà 14. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ọ̀nà náà bá ti gùn ju mítà 2 lọ, wọn kò gbà kó ga tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Apá tèmi kì í ṣe apá eléré ìdárayá, nítorí náà mo tẹ̀lé ti Gẹ̀ẹ́sì, mo fi ínǹṣì 15 ṣírò gígùn fún ínǹṣì 1 gíga. Ẹsẹ̀ bàtà 17 àti ààbọ̀.

Káfíńtà tí wọ́n kọ́kọ́ pè kò fẹ́ gbọ́ ìṣirò kankan. Ó gbé pákó ẹsẹ̀ bàtà 5 lé àtẹ̀gùn, ó ní iṣẹ́ parí. Mo sún bọ́ sórí bẹ́ǹṣì, mo ní kó jókòó sínú àga mi, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí táyà gòkè. Kò tíì dé ìdajì tí táyà iwájú fi gbéra nílẹ̀. Ó lọgun! Òun fúnra rẹ̀ ló bá wa wá bíríkìlà.

Ìgbìmọ̀ ní owó náà pọ̀ jù, pé ẹnìkan ṣoṣo ni yóò máa lò ó. Mi ò bá wọn jà. Mo sọ fún wọn pé ní March 12, 1990, àwọn akàndá ẹ̀dá bọ́ sílẹ̀ lórí àga wọn níwájú ilé aṣòfin ní Washington, wọ́n sì ń fi ọwọ́ àti orúnkún wọ́ gun àtẹ̀gùn ibẹ̀. Mo tún sọ pé àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe lọ́dún 2006 ka ríráyè wọlé sí ẹ̀tọ́, kò pè é ní àánú. Ọ̀rọ̀ àwọn tó fọwọ́ wọ́ gun àtẹ̀gùn yẹn ló mú wọn dákẹ́.

A jẹ́ kí ọ̀nà náà tẹ̀ lé ògiri, nítorí iwájú kò gùn tó. A fi pèpéle ẹsẹ̀ bàtà 5 tó tẹ́jú sáàárín, kí n lè mí. Kí sìmẹ́ńtì tó gbẹ, bíríkìlà fi ìgbálẹ̀ gbá a lójú kó lè rí hánnahànna, kí táyà má yọ̀ lásìkò òjò. A mọ etí rẹ̀ sókè díẹ̀ kí táyà má baà yẹ̀ sílẹ̀, a sì ri irin ìdìmú sí ọ̀tún àti òsì.

Ẹnu ilẹ̀kùn ló yà mí lẹ́nu. Wọ́n ní ínǹṣì 32 ni, òótọ́ sì ni bí èèyàn bá wọn férémù. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí i, ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ń jẹ nínú àyè náà, ó ku 30. Àmì rẹ̀ wà lẹ́yìn ọwọ́ mi títí di òní. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. A pààrọ̀ híńjì sí èyí tó ń jẹ́ kí ilẹ̀kùn yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà pátápátá, a sì yọ ọwọ́ ilẹ̀kùn róbótó, a fi èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sísàlẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ìgúnpá lásán lè ṣí i.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo fi ṣe ìkẹyìn. Àyè ibẹ̀ tó kí àga yí po, ínǹṣì 60 gbáko, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n ń kó garawa àti ìgbálẹ̀ sí. Wọ́n kó wọn jáde.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún bá garawa méjì níbẹ̀. Mo gbé wọn lé itan, mo yí táyà jáde, mo lọ gbé wọn kalẹ̀ sójú ìjókòó alága.